Ohun Tó Lé Lọ́wọ́ Arìnrìn-Àjò

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn tó ń fi sàká àti sàráà wọn ràn wá lọ́wọ́)

  



Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé ohun tó máa sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni owó ọkọ̀ tí à ń dá fún àlejò tó bá dìde lẹ́yìn ìrun pé òun fẹ́ padà sí ìlú òun. Màá kan ibẹ̀ kí n tó jókòó. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lónìí kéré ju ìyẹn lọ. Jáàkì ni. Sípánà ni. Túùbù táyà ni, fáànù bẹ́ẹ̀tì ni, kẹ́ẹ̀gì omi kan ni. Awakọ̀ kan kó wọn sábẹ́ ìjókòó, kò lò wọ́n títí ó fi padà délé. Ẹlòmíràn sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan náà, tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni kò jẹ́ kó lè lọ.

Gbogbo wa la mọ Suratul-Maa'uun, torí ọdún àkọ́kọ́ ní ilé kéú la ti há a sórí. Òun la máa ń kà nígbà tí a bá fẹ́ tọrọ owó fún ọmọ òrukàn, nítorí ẹni tó ń ti ọmọ òrukàn dànù wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá wo ibi tó parí sí. Ó parí sórí àwọn tó ń kírun, tí wọ́n sì ń fi ohun èlò kéékèèké du ọmọnìkejì. Irú ohun èlò wo? Ohun tí Abdullahi bin Mas'ud, sàhábà ńlá yẹn, dárúkọ ni àáké, ìkòkò àti korobá ìfami, irú nǹkan tí aládùúgbò ń yá lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn onítafsíírì mìíràn ní sàká ló ń sọ. Èrò méjèèjì ló wà nínú ìwé, kò sì yẹ kó dìjà láàárín wa. Ohun tó jẹ́ ìyanu fún mi ni pé nínú súrà tó kúrú tó báyìí, ọmọ òrukàn àti korobá ìfami ni Ọlọ́hun jọ sọ̀rọ̀ lé lórí. Lójú tèmi, korobá ìfami tiwa lójú títì márosẹ̀ òde òní ni jáàkì.

Kì í ṣe pé mo kàn ń fi ọ̀rọ̀ dárà. Àwọn ọmọ mẹ́ta kan wà lábẹ́ àbójútó ẹgbẹ́ yìí, mi ò ní dárúkọ wọn. Awakọ̀ lọ́rì ni bàbá wọn. Ẹ̀wà àti àlùbọ́sà ló ń kó bọ̀ láti òkè Ọya. Láàárín Mọ́kwà sí Jẹ́bbà, táyà ẹ̀yìn bẹ́. Táyà mìíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Jáàkì ló já a kulẹ̀: ó ń tu ọ́ìlì, kò lè gbé lọ́rì tó kún fún ẹrù. Ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ tó yè é ṣàlàyé fún wa pé kété lẹ́yìn ìrun Alásárì ló ṣẹlẹ̀, pé àwọn ń nawọ́ sí ọkọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Àwọn kan dẹwọ́ eré, wọ́n wò wọ́n, wọ́n sì lọ. Wọ́n já ewé sójú títì bí a ti máa ń ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tán, tírélà kan tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn kò rí ewé, ó rọ́ lù wọ́n nígbà tí ọkùnrin yìí ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀. Inna lillahi wa inna ilayhi raaji'uun. Nínú gbogbo ọkọ̀ tó kọjá láti Alásárì títí di alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún mi pé kò sí èyí tó gbé jáàkì tó dára dání.

Ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ yẹn ni owó tí à ń ná lé wọn lórí, a ò kà á sí wọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n owó ilé ìwé ọdún kan ju owó jáàkì lọ dáadáa, kò sì sí owó tí a lè san tó lè dá bàbá wọn padà.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ owó nìyí. Lóde òní, ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ ní Kòǹtàgórà lè tẹ ìyàwó rẹ̀ láago ní Òṣogbo, kí owó sì wọ inú àkáǹtì rẹ̀ kó tó mu omi tán. Kò sí báǹkì tó lè fi fáànù bẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sínú igbó ní aago mẹ́wàá alẹ́. Olówó àti mẹ̀kúnnù dọ́gba níbẹ̀. Ẹni tó lówó tó lè ra ọkọ̀ tuntun mẹ́ta lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nítorí nǹkan tí iye rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá sì ní nǹkan yẹn nínú ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ló lè ṣàánú rẹ̀.

Abu Sa'id al-Khudri ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ìrìn àjò kan, ó wà nínú Sahih Muslim. Ọkùnrin kan gun ẹran rẹ̀ dé, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ẹ ṣàkíyèsí pé a ò gbọ́ ọ nínú ìròyìn yẹn pé ó tọrọ nǹkan, ojú rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ànábì wa wá pa á láṣẹ fún àwọn tí wọ́n jọ ń rìn pé kí ẹni tí ẹran gígùn bá lé lọ́wọ́ rẹ̀ gbé e fún ẹni tí kò ní, àti ẹni tí oúnjẹ bá lé lọ́wọ́ rẹ̀ náà. Ó mẹ́nu ba oríṣiríṣi nǹkan bẹ́ẹ̀ títí àwọn sàhábà fi rò pé kò sẹ́ni tó tún lè pe ohun tó lé lọ́wọ́ rẹ̀ ní tirẹ̀. Fadl ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ní èdè Lárúbáwá: ohun tó lé. Ẹ̀yin awakọ̀ tó wà láàárín wa ti mọ orúkọ rẹ̀ tipẹ́. Sípíà ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi lórí èyí, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé akọ̀wé ní kí awakọ̀ yọ táyà rẹ̀ kan ṣoṣo fún àjèjì nígbà tí ibi tó ń lọ ṣì jìn. Ohun tó lé ni wọ́n ní kó gbé sílẹ̀. Kí ni ó lé? Ó wà lọ́wọ́ bí ọ̀nà tó kù fún ọ bá ṣe gùn tó. Fáànù bẹ́ẹ̀tì kejì tí o gbé kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Kánò kò tíì lé nígbà tí o wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní àlọ. Bí o bá ń bọ̀ tí o sì ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ padà, ó ti lé. Nítorí náà ẹni tó ń bọ̀ wálé ló yẹ kó kọ́kọ́ dúró fún ẹni tó ń jáde lọ. Kò le púpọ̀ láti rò ó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ wálé náà ló máa ń kánjú jù.

Àwọn tó gba ojú ilẹ̀ lọ sí Mọ́kà nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kò tíì wọ́pọ̀ mọ èyí dáadáa. Láti Bọ̀nú wọn á gba Fort-Lamy, tí wọ́n ń pè ní N'Djamena láti ọdún 1973, wọn á gba Abéché, El Geneina, El Obeid, títí wọn á fi dé etí Òkun Pupa. Àwọn kan fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn ín, wọ́n ń dúró ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tí lọ́rì dé ọ̀nà yẹn, ohun tó bá bàjẹ́ láàárín ìlú méjì, inú ọkọ̀ tó jọ ń rìn tàbí tó ń bọ̀ lódìkejì ni wọ́n ti máa rí àtúnṣe rẹ̀.

Ní ọ̀nà aṣálẹ̀ tó lọ sí àríwá, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2013 burú jáì. Ọkọ̀ akẹ́rù méjì gbéra ní Arlit, ní orílẹ̀-èdè Niger, wọ́n kó àwọn èèyàn tó ń lọ sí Algeria. Gẹ́gẹ́ bí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ti sọ, ọ̀kan bàjẹ́ sínú Sàhárà. Wọ́n sọ èrò inú ọkọ̀ kejì kalẹ̀ kó lè padà lọ wá ẹ̀yà ọkọ̀ wá, òun náà bàjẹ́ lọ́nà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn kiri wá omi. Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún náà, òkú 92 ni wọ́n rí nítòsí ààlà Algeria: ọmọdé 52, obìnrin 33, ọkùnrin 7. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, ọmọdé 52. Ẹ̀yà ọkọ̀ ni wọ́n lọ wá.

Ẹnìkan lè bi mí pé ṣé ọ̀nà yẹn kò ní èrò mìíràn ni? Àwọn tó ń kó èèyàn kọjá lọ́nà ẹ̀bùrú kì í fẹ́ kí wọ́n rí wọn. Ní ọdún 2015, ìjọba Niger ṣe òfin tó sọ iṣẹ́ wọn di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n, àwọn awakọ̀ sì túbọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà tí gbogbo ayé mọ̀, níbi tí kànga wà tí ọkọ̀ mìíràn ti ń kọjá. Ọdún 2023 ni wọ́n fagi lé òfin náà. Mi ò wá síbí láti dá ẹjọ́ òfin yẹn. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó bá sá fún ojú èèyàn lọ́nà ti sá fún jáàkì èèyàn pẹ̀lú. Àwọn ọmọ wa kan láti ilẹ̀ Yorùbá ń gba ọ̀nà yẹn títí dòní, àwọn òbí tó wà níjòókòó yìí mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.

Kí n padà sọ́dọ̀ tiwa. Láyé Peugeot 504, ìrànlọ́wọ́ yìí rọrùn. Láti ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná ti ń to ọkọ̀ jọ nílẹ̀ wa, 504 sì kún ojú títì. Ohun tó bá tú lára tèmi lè wọ ara tìrẹ, kò sì sí mẹkáníìkì abẹ́ igi tí kò mọ inú rẹ̀. Lóde òní, tòkunbọ̀ tó wà nílẹ̀ kò lóǹkà, oríṣi kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹ̀yà tirẹ̀, òmíràn tún ní kọ̀ǹpútà nínú. O lè dúró tọkàntọkàn kó má sì sí ohun tó lè wọ ọkọ̀ ẹni náà lára. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó bá gbogbo ọkọ̀ mu: omi, okùn ìfàkọ̀, wáyà tí a fi ń yá iná bátìrì, iná ìléwọ́, wáyà tín-ínrín tí a lè fi so ẹ̀gúsọ́ọ̀sì tó ń wọ́lẹ̀, jáàkì. Ọ́ìlì bíréèkì pẹ̀lú, bí ẹ bá rí i pé irú èyí tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ náà ni. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rọ́pò rẹ̀, rọ́bà inú bíréèkì máa wú, bíréèkì á sì já awakọ̀ kulẹ̀ níwájú. Ẹ má sì ṣí rédíétọ̀ tó ń hó.

Ẹni tí kò ní ohun èlò kankan ńkọ́? Ó wà nínú hádíìsì tó fìdí múlẹ̀ pé bíbá èèyàn gbé ẹrù rẹ̀ sórí ẹran tó ń gùn, sàráà ni. Ó tún wà níbẹ̀ pé kí èèyàn ran oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́, tàbí kó bá ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ṣe é. Ẹni tó di iná ìléwọ́ mú fún ẹni tó ń pààrọ̀ táyà ti wà nínú rẹ̀.

Ní báyìí, a fẹ́ kí ohun tí a yáni padà wá. Ìdí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í fi í dúró mọ́ nìyẹn: wọ́n yáni ní sípánà lẹ́ẹ̀kan, wọn ò rí i mọ́. Fíkíhì ti là á sílẹ̀ fún wa. Ohun tí o gbà lò tí wàá dá padà gan-an bó ṣe wà, bíi jáàkì, òun ni Lárúbáwá ń pè ní ‘aariya. (Kì í ṣe àríyà tiwa tí à ń ran aṣọ ẹbí sí o!) Ohun tí yóò tán nínú lílò, bí ọ́ìlì, tí wàá sì san irú rẹ̀ padà, qard ni, gbèsè ni. Èyí tí wọ́n fún ọ láìretí nǹkan, ọrẹ ni. Ẹ sọ èyí tó jẹ́ lójú títì níbẹ̀, kí ọkọ̀ tó gbéra. “Ọ̀gá, mo fi ta yín lọ́rẹ ni.” “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ fọ́gánáísà tó wà ní gáréèjì Ìlọrin.” Gbólóhùn kan ni, ó sì ń dènà ìjà.

Àwa tó ń tẹ̀lé mọ́síhábù Maliki mọ ohun tí Risaala wí. Ohun àyálò tó ṣeé fi pamọ́, ọrùn ẹni tó yá a ló wà bó bá sọnù. Èyí tí kò ṣeé fi pamọ́, bí ẹran gígùn, kò sí lọ́rùn rẹ̀ àfi tó bá ré kọjá ààlà. Sípánà ṣeé fi pamọ́. Ẹ ti mọ ibi tó bọ́ sí. Nígbà tí Ànábì wa ń lọ sí ogun Hunayn ní ọdún kẹjọ Híjúrà, ó yá ẹ̀wù irin lọ́wọ́ Safwan bin Umayya, tí kò tíì di mùsùlùmí nígbà náà. Safwan bi í bóyá ó fẹ́ fi agbára gbà á ni. Ó dá a lóhùn pé àyálò ni, òun sì dúró fún un. Lára rẹ̀ sọnù, Ànábì sì ní òun yóò san án. Safwan ló ní kó fi sílẹ̀. Ẹ rántí pé Ànábì ló ṣẹ́gun ní Mọ́kà lọ́dún náà, kò sẹ́ni tó lè bi í. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kíyè sí ohun èlò ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má bèèrè ẹ̀sìn ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí ẹ tó gbé jáàkì sílẹ̀.

Kò burú kí èèyàn ta ẹ̀yà ọkọ̀ fún ẹni tí nǹkan há mọ́. Ohun tí a rà ní Ládípò lówó gidi, kò sẹ́ni tó ní kí a fi tọrẹ dandan. Ohun tó burú ni kí èèyàn wo ojú ọ̀run pé ilẹ̀ ń ṣú, kó wo ìyàwó àti ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ náà, kó wá sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po márùn-ún. Ìjíròrò àwọn onífíkíhì lórí òwò ẹni tí nǹkan há mọ́ gùn. Hádíìsì tí wọ́n máa ń mú wá lórí rẹ̀ kò lágbára, n kò sì ní fẹ̀yìn tì í. Ṣùgbọ́n ta ló wà níbí tó fẹ́ kí wọ́n ta á fún òun bẹ́ẹ̀?

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba èèyàn. Àwọn olè ń fi ọkọ̀ tó bàjẹ́ ṣe ẹ̀tàn, mi ò sì ní sọ fún obìnrin tó ń dá wakọ̀ lóru pé kó dúró nínú igbó. Bí kò bá ṣeé dúró, kì í ṣe dandan kí a kọjá bí ẹni tí kò rí nǹkan. Ẹ wo òkúta máìlì tàbí orúkọ abúlé tó wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tàbí àwọn awakọ̀ ní gáréèjì àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé. Nọ́ńbà 122 ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kò gba owó. Bí ọkọ̀ bá pé méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ jọ ń lọ, ẹ dúró pa pọ̀.

Nǹkan kan tún ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: òkúta. Awakọ̀ á fi òkúta ńlá ti táyà, wọn á bá a tún ọkọ̀ ṣe, á dúpẹ́, á lọ, á fi òkúta sílẹ̀ sáàárín títì fún ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lóru. Mímú ohun tó lè ṣeni léṣe kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́. Ẹni tí wọ́n ràn lọ́wọ́ ló kọ́kọ́ jẹ gbèsè ìyẹn.

Mo ní màá kan ọ̀rọ̀ sàká. Arìnrìn-àjò tí ọ̀nà há mọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Mukhtasar Khalil fi májẹ̀mú sí i: kí ìrìn àjò náà má jẹ́ ti ẹ̀ṣẹ̀, bó bá sì jẹ́ olówó ní ìlú rẹ̀ tó rí ẹni tó máa yá a, a kò ní fún un. Ẹ wo ohun tó jẹ yọ níbẹ̀. Nígbà tí o bá yá ọlọ́kọ̀ tó lówó nílé ní ohun tó máa gbé e délé, o ti dáàbò bo àpò sàká, ohun tó kù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti tálákà tí kò ní ibì kankan tó máa padà sí.

Èyí ló mú kí ìgbìmọ̀ pinnu lórí àpótí irin kan fún bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́, àti ìkejì tó máa wà lọ́dọ̀ arákùnrin wa tó ń ṣe fọ́gánáísà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí. Jáàkì tó lè gbé lọ́rì tó kún á wà níbẹ̀, pẹ̀lú sípánà táyà oríṣiríṣi, àmì onígun mẹ́ta méjì tó ń tàn lóru kí á lè yé já ewé, okùn, wáyà bátìrì àti kẹ́ẹ̀gì omi. Ìwé kan á wà níbẹ̀ tí a ó máa kọ orúkọ ẹni tó yá nǹkan àti ọjọ́ tó máa dá a padà sí. Owó rẹ̀ kò ní jáde nínú àpò sàká tàbí àpò ọmọ òrukàn. Sàráà tí a bá dá fún un lọ́tọ̀ la ó fi rà á. Ẹni tó bá sì ní jáàkì tàbí sípánà tó dára tí kò lò nílé, kó gbé e wá lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Akápò wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé ìsanwó.